Ariwo láti ara láptọ́ọ̀pù: ẹ má tíì ra mísà tuntun o

Ará wa tó béèrè ìdí tí sípíkà ilé ìjọsìn fi ń kùn "hùn-ùn-ùn" gbàrà tí ẹ bá so láptọ́ọ̀pù mọ́ mísà (ẹ̀rọ tó ń po ohùn máìkì àti ohun èlò pọ̀), ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tíì gba owó ìjọ. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù náà, kó máa lo bátìrì nìkan. Bí ariwo bá dákẹ́, mísà yín kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ṣájà ń gba wáyà ilẹ̀ (wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, mísà ń gba tirẹ̀ láti ibòmíràn. Wáyà ohùn tó so wọ́n pọ̀ wá di ojú ọ̀nà tí iná ń gbà yí po. Iná yẹn ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 60 ní Amẹ́ríkà. Òun lẹ ń gbọ́.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹ́ńjíníà tó sọ èyí fún wa. Àkọ́kọ́ ní mísà ti gbó. Ìjọ dáwó, a ra tuntun, ariwo bá wa wọ inú tuntun. Ó tún ní ámúpù, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, ni. A wá ẹlòmíràn, òun fi EQ, bọ́tìnnì tó ń dín ohùn kù tàbí tó ń fi kún un, gé gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ dànù. Kíkùn náà kàn rọlẹ̀ díẹ̀ ni, torí ó ní àwọn ọmọ lẹ́yìn, ohùn tó ga jù ú lọ, ní 100, ní 150 Hz (ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tí wọn kò bá a lọ. Gìtá báàsì ló jìyà rẹ̀: okùn rẹ̀ tó nípọn jù ń dún ní nǹkan bí 41 Hz, à ń wo ọwọ́ ẹni tó ń ta á, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì ni ariwo yìí máa ń mọ̀ ọ́n gbọ́ jù, gbogbo orí á yíjú sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá jókòó nídìí mísà rí kò lè mọ ìtìjú yẹn.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Ó fẹ́ gé ẹsẹ̀ kẹta pulọ́ọ̀gì mísà, ẹsẹ̀ wáyà ilẹ̀. Ariwo lè lọ lóòótọ́, àmọ́ bí wáyà iná bá já kan irin ara mísà, máìkì ọwọ́ oníwàásù ni yóò gbà dé ara rẹ̀. Ní 2005, ní Waco, ìpínlẹ̀ Texas, pásítọ̀ kan dúró nínú omi ìrìbọmi, ó nawọ́ sí máìkì, iná gbé e, ó sì kú. Ẹ má ṣe gbé máìkì oníwáyà sún mọ́ omi láéláé. Ẹnikẹ́ni tó bá sì mú irin wá gé ẹsẹ̀ pulọ́ọ̀gì yín, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn kan á tún ní fíìdìbáàkì ni. Fíìdìbáàkì ń hàn bí ìfé ni, máìkì ló ń gbọ́ sípíkà. Ẹ gbé sípíkà ṣíwájú máìkì, kó kẹ̀yìn sí i, ó sábà máa ń tán.

DI box, àpótí kékeré tó ń wà láàárín láptọ́ọ̀pù àti mísà, ló gbà wá. Ẹ kó wáyà láptọ́ọ̀pù wọ̀ ọ́, XLR, wáyà bíi ti máìkì, á jáde lọ sí mísà, ẹ tẹ bọ́tìnnì ground lift. Ìsopọ̀ ilẹ̀ ti wáyà ohùn nìkan ni ìyẹn ń já, kò fọwọ́ kan ti wáyà iná. Èyí tó jẹ́ passive (tí kò lo iná), tó sì jẹ́ stereo (tó ń gba ohùn òsì àti ọ̀tún) ni kí ẹ rà. Kò nílò 48V, iná tí mísà máa ń rán gba wáyà máìkì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó rárá, ẹ kó mísà, ámúpù àti láptọ́ọ̀pù sórí ìlà iná kan náà wò. Ó lè tó.

Ẹ ṣàánú mi, ẹ tún béèrè nípa pùròjẹ́kítọ̀ tó ń ṣẹ́jú. Wáyà HDMI oní mítà 20 tí ẹ sọ yẹn ni mo fura sí, ó gùn jù fún bàbà lásán. HDBaseT, ẹ̀rọ tó ń rán àwòrán, lè gbé e dé 100 mítà lórí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bó bá jẹ́ HDMI onífáíbà (tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àwòrán) lẹ rà, ẹ wo orí rẹ̀: èyí tí wọ́n kọ Source sí ni ti láptọ́ọ̀pù, èyí tí wọ́n kọ Display sí ni ti pùròjẹ́kítọ̀, torí apá kan ṣoṣo ló ń lọ.