Kọ̀ǹpútà tó ń dúró kó tó ṣí: ẹ wo ibi tó ti ń dúró kẹ́ ẹ tó gbà kí wọ́n ṣe fọ́ọ̀mátì

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ ní tẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà ilé yín, àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é á yọ, á wá dúró síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ ní ẹni tó ń bá yín tún un ṣe ti sọ pé Windows ló bàjẹ́, pé fọ́ọ̀mátì ló kù, ìyẹn kí wọ́n nu dísìkì kí wọ́n sì tún Windows gbé sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó ní sùúrù ná.

Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà níbí ní Àjàṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n ṣe fọ́ọ̀mátì, mo sanwó, àkọsílẹ̀ ọjà ìyàwó mi bá a lọ, ìdádúró ọ̀hún ò sì kúrò. Kò lè kúrò náà. Nígbà tí ẹ̀rọ yẹn ń dúró, kò tíì kan Windows rárá.

Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì, BIOS, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ, ló kọ́kọ́ ń jí (UEFI ni wọ́n ń pe tàwọn ẹ̀rọ tuntun). Inú pátákó ẹ̀rọ (motherboard) ló ń gbé, kò sí lórí dísìkì. Òun ló ń yẹ mẹ́mórì wò, òun ló ń wá kíbọ́ọ̀dù, dísìkì, àti gbogbo ohun tẹ́ ẹ kì bọ ihò USB. Ó ní láti parí èyí kó tó fa ẹ̀rọ lé Windows lọ́wọ́. Lórí Windows 10, ẹ máa rí àwọn róbótó funfun kéékèèké tó ń yí po nísàlẹ̀ àmì ilé-iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá yọ ni Windows gba iṣẹ́. Tí àmì bá dá wà láìsí róbótó, ọwọ́ BIOS ni ọ̀rọ̀ ṣì wà, ẹ lè ṣe fọ́ọ̀mátì títí di ọdún Orò, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí.

Nínú àlàyé yín, ó jọ pé róbótó ò tíì yọ. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, fláàṣì, dísìkì ìta, gbogbo rẹ̀; ẹ fi kíbọ́ọ̀dù àti máòsì nìkan sílẹ̀. Tí ìdádúró bá lọ, ẹ máa dá wọn padà níkọ̀ọ̀kan títí ọ̀daràn á fi yọjú. Fláàṣì tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ẹ̀rọ ti da ọ̀pọ̀ ilé láàmú.

Tí kò bá lọ, ẹ wọ inú BIOS. F2 tàbí Suppr (Del) ló sábà máa ń jẹ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ẹ ṣe ń tan ẹ̀rọ. Ẹ wo déètì. Tó bá ti padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, bátìrì pẹlẹbẹ orí pátákó ti kú: CR2032, fóltì 3 (3V), wọ́n ń tà á ní ọjà Wándò, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Lọ́dọ̀ wa níbí ó tètè ń kú, torí pé nígbà tí iná bá lọ tàbí tá a bá fa ẹ̀rọ kúrò lára ògiri lálẹ́, òun nìkan ló ń gbé aago inú ẹ̀rọ. Tó bá kú, BIOS lè gbàgbé ètò tẹ́ ẹ ṣe fún un. Àwọn ẹ̀rọ kan á wá padà sí wíwá Windows lórí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pè, ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn, wọ́n á sì dúró. Tẹ́ ẹ bá rí PXE lójú ẹ̀rọ, òun nìyẹn. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ wá padà sínú BIOS láti fi dísìkì tí Windows wà lórí rẹ̀ ṣáájú nínú ohun tó máa wá. (Bí ẹ bá ní láti kọ ọ̀rọ̀ aṣínà níbẹ̀, BIOS kì í sábà mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù AZERTY (ti èdè Faransé) lẹ ní: Q lẹ máa tẹ̀ fún A.)

Ohun tó mú tèmi ni dísìkì kejì. Ara kọ̀ǹpútà wa àtijọ́ ni mo ti tú u, àwòrán ìkómọ àti ti ìsìnkú ìyá wa ló wà nínú rẹ̀, a kì í ṣí i lemọ́lemọ́. BIOS ò mọ̀ pé a kì í lò ó. Ó máa bi í léèrè, dísìkì á fẹ́ dáhùn, kò ní lè dáhùn, yóò tún bi í. Ibẹ̀ ni àkókò ń wọlé sí. Mo fa ẹ̀rọ kúrò lára iná, mo yọ wáyà SATA dísìkì yẹn (èyí tó so ó mọ́ pátákó), mo tan án: ó kọjá fìrì.

Àmọ́ ẹ má tíì dá dísìkì lẹ́bi níbẹ̀. Wáyà SATA fúnra rẹ̀ máa ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí kò ní irin tó ń dì í mú. Mo pààrọ̀ wáyà, mo gbé e sí ihò míì lórí pátákó, ìdádúró sì padà dé. Ìgbà yẹn ni mo gbà pé dísìkì ló ń kú. CrystalDiskInfo, ètò ọ̀fẹ́ tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, fi hàn mí: ìlà C5, ìyẹn àwọn ibi tí dísìkì ò rí kà mọ́, ń pọ̀ sí i. Ẹ wo ìlà 05 náà, ìyẹn àwọn ibi tí dísìkì ti pa tì tó fi òmíràn rọ́pò.

Tí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi chkdsk /r (àṣẹ Windows tó ń wá ibi tó bàjẹ́ lórí dísìkì) kàn án kẹ́ ẹ tó kó ẹrù yín jáde. Ó máa ka dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí tó ń kú lọ lè kú pátápátá sójú ọ̀nà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo so ó mọ́ USB lẹ́yìn tí Windows ti ṣí tán, mo sì kó èyí tó ṣọ̀wọ́n jù lọ ṣáájú. Fáìlì tó bá kọ̀, ẹ fò ó, ẹ padà sí i tó bá yá.

Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn róbótó ló ń dúró, ọ̀rọ̀ Windows ni lóòótọ́, síbẹ̀ kò dé orí fọ́ọ̀mátì. Ẹ lo Redémarrer (Restart) dípò Arrêter (Shut down) kẹ́ ẹ wò ó: láti Windows 8 ni Arrêter kì í ti í pa ẹ̀rọ tán tí Démarrage rapide (Fast startup) bá wà ní títàn, torí náà tí Redémarrer bá yá tí títàn lẹ́yìn Arrêter sì ń fà, ẹ pa Démarrage rapide. Fún ẹni tó ṣì ń lo Windows 7, ẹ wo àwòrán tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn ojú ẹ̀rọ (wallpaper). Tó bá jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo láìsí àwòrán, ó lè dá yín dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 lójú ìkíni. Microsoft fúnra wọn jẹ́wọ́ rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sọ fún mi: ṣé róbótó ti yọ nígbà tó dúró, ọdún wo ló wà nínú BIOS, dísìkì mélòó ló sì wà nínú ẹ̀rọ yẹn?