Ìbòrí ọmọ mi ní Faransé, àti aṣọ tí yóò kó lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi obìnrin ń lọ sí yunifásítì ní Lyon ní oṣù kẹsàn-án. Mùsùlùmí ni wá, láti kékeré ló sì ti ń lo ìbòrí. Wọ́n ní wọ́n ti fòfin dè é ní Faransé. Ṣé kí n ní kí ó ṣí orí? Irú aṣọ wo ni kí n rán fún un?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, ìyá wa. Aránṣọ ni mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo sì ti ránṣọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lọ sókè òkun.

Ẹ má ní kí ó ṣí orí o. Òfin ọdún 2004 tí wọ́n ń sọ kò dé yunifásítì. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà fún, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé lísè, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fòfin de abáyà, aṣọ gígùn tó balẹ̀, ní 2023. Èyí tó kan gbogbo èèyàn ni òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2011: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi aṣọ bo ojú ní ìgboro, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó 150 yúrò. Níkáàbù nìyẹn, kì í ṣe ìbòrí. Àmọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́, wọn kò ní jẹ́ kó wé e nígbà tó bá ń kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jókòó sọ ọ́ kí ó tó wọkọ̀ òfuurufú.

Nípa aṣọ, ẹ má rán púpọ̀. Òtútù ni ìṣòro tó pọ̀ jù. Bùbá alápá fífẹ̀ tó dára lára wa níbí kì í wọnú kóòtù, ṣe ló máa ká jọ sí ìgbọ̀nwọ́. Ẹ ní kí aránṣọ yín dín fífẹ̀ apá rẹ̀ kù, kí ó sì fi ìka mẹ́ta kún ìwọ̀n àyà, kí súwẹ́tà lè wà lábẹ́ ẹ̀. Ìró tí a ró lásán, atẹ́gùn á ṣí i lójú pópó; kí wọ́n rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n fi rọ́bà sí ìbàdí. Ìbòrí rẹ̀ kó jẹ́ òwú. Aṣọ ọ̀rá máa ń yọ́ mọ́ èèyàn lára tí iná bá kàn án, ẹni tó ń lo iná ní lábù kò gbọdọ̀ wé e. Ẹ fi ìró àti bùbá léèsì kan pẹ̀lú gèlè sí i fún ọjọ́ Iléyá. Kò ní fẹ́ wà láìní in lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún un. Ní ọjà Ouando níbí, ìyá ọlọ́mọ á yọ ọmú fún ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tí ojú ń tì. Ṣùgbọ́n kí itan rẹ̀ hàn, gbogbo ọjà ló máa pariwo. Ní Faransé, nígbà ooru, àwọn ọmọbìnrin ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sí kíláàsì, kò sì sẹ́ni tó ń fi ìyẹn díwọ̀n ẹ̀kọ́ ilé wọn. Kí òun náà má fi díwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó wọ péńpé yẹn lè jẹ́ ẹni tó máa bá a wá ilé gbé.

Ní ti kóòtù, ẹ kọ́kọ́ wo ọjà Missèbo ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Ẹ ní kí ó wọ bùbá tuntun náà lọ, kí ó fi kóòtù wọ̀n lé e lórí, kí ó sì gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè kí ẹ tó sanwó.