Ta ni mo lè sá tọ̀?

Ìbéèrè: Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti ń lù mí, òun náà ló sì ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó fún mi lọ́rùn títí ojú mi fi ṣú. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi méjèèjì jáde, ṣùgbọ́n kò sówó lọ́wọ́ mi, ó ti ba àárín èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi jẹ́, ojú sì ń tì mí láti sọ fún ẹbí. Ta ni kí n sá tọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí ọkùnrin tó bá ti fún aya rẹ̀ lọ́rùn rí wà lára àwọn tí ẹ̀rù wọn pọ̀ jù pé wọ́n lè pa á lọ́jọ́ mìíràn. Ìpalára rẹ̀ sì lè fara sin, nítorí náà ẹ lọ rí dókítà, pàápàá bí ohùn yín bá yí padà tàbí tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun dáadáa, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún un, kí ó lè wà lákọsílẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀yin ló yẹ kí ojú máa tì. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú obìnrin mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ti jẹ irú ìyà báyìí rí, yálà lílù tàbí ìfipábánilòpọ̀ láti ọwọ́ ọkọ tàbí olólùfẹ́, tàbí ìfipábánilòpọ̀ láti ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ẹnì kan ṣoṣo tó lè pa àṣírí mọ́ wúlò fún yín nísinsìnyí ju ogún ẹbí tí yóò sáré lọ bá ọkọ yín wí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní kí àgbà pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn níbi tí lílù bá ti wọ̀ ọ́, nítorí ohun tí obìnrin bá fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ọkọ lè di ẹgba sí i lára nígbà tí wọ́n bá padà délé. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn pe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ yẹn, torí ọkọ yín lè máa fi tiyín ṣọ́ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ jọ fẹnu kò lórí gbólóhùn kan, bíi “Ṣé aṣọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ?”, tí yóò jẹ́ àmì fún un pé kí ó pe ọlọ́pàá. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa kó ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìwé ìrìnnà àti ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ yín lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn àjọ tó ń dáàbò bo obìnrin wà pẹ̀lú, wọ́n sì máa ń ní ilé ààbò tí wọn kì í sọ àdírẹ́sì rẹ̀ fáyé gbọ́, níbi tí púpọ̀ nínú wọn ti ń gba ìyá tòun tọmọ láìgba owó. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì lè júwe wọn fún yín. Àwọn àjọ náà tún lè bá yín wá agbẹjọ́rò tí yóò bẹ ilé ẹjọ́ pé kó ká ọkọ yín lọ́wọ́ kò láti sún mọ́ yín.

Ẹ má ṣe sọ fún un pé ẹ ń lọ, bó ti wù kí inú bí yín tó, nítorí ìgbà tí obìnrin bá ń jáde àti oṣù mélòó kan tó tẹ̀ lé e ni ewu máa ń pọ̀ jù. Bí ẹ bá sì ti jáde, ẹ tètè sọ fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹni tó lè wá mú wọn àti ẹni tí wọn kò gbọ́dọ̀ fà wọ́n lé lọ́wọ́.