Ẹyẹ wo ló ń bo èso oak mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là ń gbé, igbó igi oak kékeré kan sì wà lẹ́yìn ilé wa. Láti oṣù kẹsàn-án ni ẹyẹ kan ti ń wá sórí koríko wa, á máa fẹnu kan ilẹ̀, á ki nǹkan bọ̀ ọ́. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, á ké bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya, ó di inú igbó. Funfun ìdí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Aládùúgbò wa ní ẹyin ẹyẹ mìíràn ló ń jẹ, pé ká máa lé e. Ṣé ká lé e?

ÌDÁHÙN: Jay ni, ẹ má sì lé e.

Funfun ìdí yẹn gan-an la fi ń dá a mọ̀, torí ẹyẹ tó ń sá fún èèyàn ni, ẹ̀yìn rẹ̀ la sábà máa ń rí. Ìrù dúdú ló tẹ̀ lé funfun náà. Ẹyẹlé igbó ní funfun tirẹ̀ lápá, kì í ṣe nídìí. Àkókó aláwọ̀ ewé náà máa ń sọ̀ sórí koríko, àmọ́ yẹ́lò ni ìdí tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tó bá dúró fún yín, ẹ ó rí i pé búráùn tó fẹ́ pọ́n ni ara rẹ̀, ilà dúdú gbòòrò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Apá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá tẹjú mọ́: búlúù kékeré kan wà níbẹ̀ tí ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ là kọjá. Kò sí aró kankan nínú búlúù yẹn o! Bí inú ìyẹ́ náà ṣe rí ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ká tí ojú wa fi ń rí búlúù. Bẹ́ ẹ bá he ọ̀kan nílẹ̀, ẹ gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, búlúù náà á pòórá. Akọ àti abo kò yàtọ̀ lójú.

Ẹbí kannakánná ni, kò sì ya òmùgọ̀ nínú ẹbí ọ̀hún. Ó máa ń sín igbe àṣá jẹ. Ohun tó ń kì bọ ilẹ̀ yín, èso oak ni, oúnjẹ ìgbà òtútù rẹ̀. Á gbé mélòó kan mì sí ọ̀nà ọ̀fun, á fẹnu mú ọ̀kan sí i, á wá máa bò wọ́n mọ́lẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹyẹ kan lè bo ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ́dún. Ó ń rántí púpọ̀ nínú wọn. Èyí tí kò bá padà wá hú ló ń di igi. Èso oak wúwo, abẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń já sí, nítorí náà bẹ́ ẹ bá rí oak tó hù lókè, níbi tó jìnnà sí ìyá rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jay ló gbé e débẹ̀. Lọ́dún tí èso oak kò bá so dáadáa, wọ́n máa ń ṣí kiri: lọ́dún 1983, ògọ̀ọ̀rọ̀ wọn ló rọ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ti ẹyin, aládùúgbò yín kò parọ́. Nígbà ìrúwé, ó ń jẹ ẹyin àti ọmọ ẹyẹ, àmọ́ kòkòrò ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ tó ń wá fún ọmọ rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ ìtẹ́ bá ń dùn yín, ẹ gbin igi ẹlẹ́gùn-ún tó dí sí etí ọgbà. Àwọn ẹyẹ kéékèèké á ríbi sá sí.

Bí oak bá sì hù láàárín koríko yín tẹ́ ò fẹ́ ẹ níbẹ̀, ẹ tètè fà á tu. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í pẹ́ wọlẹ̀ jìnnà.