Nọ́ọ̀sì kan ní Kàbà béèrè: ṣé 31,049 pọ́n-ùn máa tó wa gbé ní Leeds?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kàbà, ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe é. Olùkọ́ ni ọkọ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ méjì la bí, ọ̀kan ti pé ọdún méje, ìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé méjì. Ilé ìwòsàn kan ní Leeds, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, wọ́n sì ti gbà mí. Owó ọdún kan tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà ni 31,049 pọ́n-ùn. Nígbà tí mo sọ ọ́ di náírà, ó ju mílíọ̀nù 62 lọ. Ọkọ mi ní ká ta ilé tí a ti kọ́ dé ibi òrùlé ní Ìsánlú, ká fi kó gbogbo wa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá mi tó ń bá wa tọ́jú àwọn ọmọ kò sọ nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ayé wa máa dára ju báyìí lọ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Mílíọ̀nù 62 yẹn lẹ máa kọ́kọ́ gbàgbé, àbúrò mi. Ìṣirò yín kò burú, bí 2,000 náírà sí pọ́n-ùn kan lẹ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n onílé ní Leeds kò ní gba náírà lọ́wọ́ yín, ẹni tó ń ta mílíìkì fún ọmọ kò ní gbà á. Ohun tí ẹ máa fi náírà san nìkan ni kí ẹ sọ di náírà: oògùn bàbá, páànù ilé Ìsánlú, ìnáwó òkú tí ẹbí bá pín kàn yín. Ìyókù, pọ́n-ùn ni kí ẹ fi kà á látòkèdélẹ̀. Ọdún méje ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó oṣù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó padà sílé ní Mọ̀pà, àṣìṣe yìí ni mo sì rí jù lọ́wọ́ àwọn ará wa. Èmi náà ṣe é. Nígbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo bá níbẹ̀, mo kọ̀ láti ra kóòtù gidi nítorí pé mo dúró sínú ṣọ́ọ̀bù, mo ń sọ iye rẹ̀ di náírà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni àìsàn fi dá mi dùbúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú owó oṣù yẹn palẹ̀. Iye tí wọ́n kọ fún yín ni owó ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ọ̀sì Band 5, ìpele tí nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, nítorí náà wọn kò rẹ́ yín jẹ. Owó ìfẹ̀yìntì máa kọ́kọ́ mú ìdá 8.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó orí kò kan 12,570 pọ́n-ùn àkọ́kọ́, àmọ́ ó ń mú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó lé. Èyí tí wọ́n ń pè ní National Insurance, owó tí òṣìṣẹ́ ń dá fún ìjọba nítorí owó ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́, tún ń mú ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó lé yẹn. Ohun tó máa wọ báńkì yín lóṣù kò ní jìnnà sí 1,980 pọ́n-ùn.

Ilé oníyàrá méjì ní Leeds máa ń tó 1,000 lóṣù, àdúgbò tó dára sì máa ń jù bẹ́ẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n ń san án, kì í ṣe ọdún kan gbáko lẹ́ẹ̀kan bíi tiwa, ìtura gidi sì nìyẹn. Láti ọdún 2019 ni òfin ti sọ pé owó ìdógò tí onílé ń gbà kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Lẹ́yìn ilé ni council tax, owó tí olùgbé ń san fún ìjọba ìbílẹ̀: ẹ fi 130 síbẹ̀. Iná àti gáàsì, 150, yóò sì gbówó lórí sí i nígbà òtútù. Omi, 50. Fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, 50. Bọ́ọ̀sì, 80. Oúnjẹ ẹni mẹ́rin, 400, bí ẹ bá ń sè é nílé. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 1,860 ni. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín jẹ́ 120 pọ́n-ùn, bẹ́ẹ̀ ẹ kò tíì ra bàtà fún ọmọ, ẹ kò tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé London ni kí ẹ lọ, owó ibẹ̀ pọ̀ jù. Òótọ́ ni pé NHS ń fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láàárín gbùngbùn London. Owó ilé ibẹ̀ ńkọ́? Ó lè tó ìlọ́po méjì ti Leeds. Leeds sàn fún ẹni tó lọ́mọ.

Ọkọ yín náà á ṣiṣẹ́, mo mọ̀. Ìdílé nọ́ọ̀sì ṣì lè bá a lọ. Àwọn care worker, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìlera, ni òfin ti dí lọ́nà láti mú ìdílé wọn wá láti oṣù kẹta ọdún 2024. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì ni ọkọ yín ń kọ́, láti ọdún 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ìwé àwọn olùkọ́ Nàìjíríà nínú iṣẹ́ wọ̀nyẹn wò láti fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tibẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn nísinsìnyí, kó má dúró dìgbà tí ẹ bá débẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣe ìṣirò yín bí ẹni pé iṣẹ́ tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ rí: 12.21 pọ́n-ùn ní wákàtí kan ni fún ọdún ìnáwó 2025 sí 2026. Fún wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀, nǹkan bí 1,720 ló máa mú wálé lóṣù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ màmá yín ti wọlé.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹnì kan ń bá yín ṣe ní Kàbà tí ẹ kò san kọ́bọ̀ lé lórí. Màmá ń gba ọmọ kí ilẹ̀ tó mọ́ bí ẹ bá wà ní ṣíìfù àárọ̀, ó sì ń sùn ti wọn bí ẹ bá wà ní ti alẹ́. Ẹnì kan ń mú èyí ọdún méje bọ̀ láti ilé-ìwé pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Iṣu àti èlùbọ́ ń wá láti oko bàbá. Bí ibà bá mú yín, ẹnì kan á gbé ìkòkò kaná láìjẹ́ pé ẹ pè é. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó hàn nínú ìwé ìnáwó yín, nítorí náà ẹ ò kà á mọ́ owó. Ní Leeds, gbogbo rẹ̀ ló níye, àwọn mìíràn ò sì ṣeé fowó rà.

Ẹ wo ọmọ ọdún méjì yẹn. Jẹ́lé-ó-sinmi látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, lè kọjá 1,000 pọ́n-ùn lóṣù. Ẹ máa gbọ́ pé ìjọba ń san wákàtí 30 lọ́sẹ̀ fún òbí tó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa kọ ọ́ sára físà yín pé ẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba, bí ọ̀rọ̀ yẹn bá sì wà lára físà ẹ̀yin méjèèjì, wákàtí 30 kò kàn yín. Ohun tó kàn yín ni wákàtí 15 lọ́sẹ̀, tí gbogbo ọmọ ń rí gbà láti sáà ilé-ìwé tó tẹ̀ lé ìgbà tó bá pé ọdún mẹ́ta, fún ọ̀sẹ̀ 38 láàárín ọdún. Ẹ yọ 1,000 kúrò nínú owó ọkọ yín, ohun tó kù fún oṣù kan gbáko iṣẹ́ ṣíṣe jẹ́ 720, àwọn jẹ́lé-ó-sinmi mìíràn sì máa mú un wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń sá fún owó yẹn nípa pé kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ ọ̀sán, kí èkejì máa ṣe ti òru. Àwọn tó ń gbé lókè ilé tí mo wà nígbà náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan ó lé. Ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń fi ọmọ lé ara wọn lọ́wọ́, ọ̀kan ń bọ́ bàtà, èkejì ń wọ̀ ọ́. Owó wọn pé. Ṣùgbọ́n ìyàwó sọ fún mi pé òun ò rántí ìgbà tí àwọn jẹun pọ̀ kẹ́yìn mọ́. Bí ẹ bá ń bi mí léèrè ìgbé ayé tó dára, mo máa ń ka irú èyí mọ́ ọn.

Kí màmá kúkú bá yín lọ ńkọ́? Físà ìbẹ̀wò kì í kọjá oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kò sì wà fún kí èèyàn wá di olùtọ́jú ọmọ lójoojúmọ́. Ẹ má fi màmá sínú wàhálà aṣọ́bodè.

Ẹ̀yìn ìwé náà ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ ń san nílé tó máa dópin. Owó ilé-ìwé máa dópin. Ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé ìjọba fún ọmọ ọdún 5 sí 16, ọ̀fẹ́ sì ni oúnjẹ ọ̀sán ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, tí èyí kékeré máa jẹ nínú rẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ máa dópin. Owó ìwòsàn náà: físà òṣìṣẹ́ ìlera ti yọ yín kúrò nínú owó ìlera tí àwọn àlejò mìíràn ń san, 1,035 pọ́n-ùn lọ́dún fún àgbà, 776 fún ọmọdé. Fún ẹ̀yin mẹ́rin, 3,622 pọ́n-ùn lọ́dún nìyẹn. Àgbà ń san 9.90 fún oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà bá kọ, ọmọdé kì í san nǹkan. Ẹ̀yin fúnra yín máa ní ọjọ́ ìsinmi 27 tí wọ́n sanwó lé, yàtọ̀ sí mẹ́jọ ti ìjọba.

Ohun kan wà tí n kò lè fowó wọ̀n, ìyẹn ọ̀nà wa. Ẹ mọ bí ọkàn yín ṣe máa ń rí bí ọkọ yín bá lọ Ìsánlú tí ilẹ̀ ṣú, tí fóònù rẹ̀ kò lọ. Àwọn àgbẹ̀ wa ní Yàgbà ti ń bẹ̀rù oko tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn nítorí àwọn ajínigbé. Pé ọmọ jáde lọ, kó sì wọlé láìsí ẹ̀rù yìí jẹ́ nǹkan ńlá, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀ torí pé mo fẹ́ kí ẹ ṣe sùúrù. Òdìkejì rẹ̀ ni pé nínú oṣù kejìlá, oòrùn Leeds máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, èèyàn sì lè gbé ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má kí i pé òkun o.

Kí ẹ má gba ọ̀dọ̀ ajẹ́ǹtì kankan. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba Bìrìtìkó sọ pé kí wọ́n má lọ ṣa òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn kò dẹ́ṣẹ̀, ohun tí ẹ ṣe sì nìyẹn. Ẹni tó bá wá sí Kàbà láti gbowó fún iṣẹ́ NHS, ẹ sá fún un.

Ní ti ilé Ìsánlú, ẹ má tà á. Kò sí ohun tí owó rẹ̀ máa ṣe ní Leeds tí kò ní tán láàárín oṣù mélòó kan, ilé tí a sì tà láìparí, iye tí wọ́n bá pè ni èèyàn ń gbà. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n máa san owó OSCE, ìdánwò àfọwọ́ṣe tó jẹ́ 794 pọ́n-ùn, àti tíkẹ́ẹ̀tì, àti ibùgbé oṣù àkọ́kọ́. Ẹ béèrè iye tí ẹ máa dá padà bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó pé. Inú ìwé ni kí wọ́n ti dáhùn.

Tí ó bá jẹ́ èmi, ẹ̀yin nìkan ni màá kọ́kọ́ rán lọ. Ẹ gba yàrá kan, kí ẹ ṣe ìdánwò yín, kí ọkọ àti àwọn ọmọ tẹ̀ lé yín nígbà tí èyí kékeré bá ń sún mọ́ ọdún mẹ́ta. Òfin gbà kí wọ́n wá lẹ́yìn. Ó máa dùn yín gan-an láti fi ọmọ ọdún méjì sílẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ jókòó ti màmá fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ẹ kọ aago tí wọ́n gba ọmọ àti aago tí wọ́n dá a padà lójoojúmọ́, títí kan òru. Ẹ fi iye wákàtí yẹn ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín fi owó jẹ́lé-ó-sinmi Leeds ṣírò rẹ̀, kí ọkọ yín náà lè rí i lákọsílẹ̀.