Ẹni tó yàwòrán kọ́ ló fín in: ọ̀rọ̀ lórí sítáǹpù ilé àti afárá

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìpẹru, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó fín sítáǹpù kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù tí bàbá yín fi sílẹ̀, àwọn tí ilé, afárá àti ààfin wà lára wọn. Ẹ tún ní ẹnì kan ti sọ fún yín pé Maurice Fievet ló fín gbogbo ti Nàìjíríà ọdún 1953. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ ọ́. Fievet ló yàwòrán wọn. Waterlow and Sons ní Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ̀ wọ́n, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ló sì fín wọn sára irin. Wọn ò kọ orúkọ ìkankan nínú wọn sára sítáǹpù náà.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an. Ẹ wo àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí: orúkọ onílé àti ọdún tó kọ́ ọ wà gàdàgbà lókè ògiri, ṣùgbọ́n ta ló rántí bíríkìlà tó fi ọwọ́ mọ òdòdó sára òpó wọn? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn afínrin yìí. Bí a kò bá mọ orúkọ wọn, ó sàn ká fi àyè sílẹ̀ ju ká gbé iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíì lọ.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni bóyá wọ́n tilẹ̀ fín in rárá. Ẹ wá irú awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú. Ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Òkè-Àjẹ́ ni mo ti ra tèmi. Ẹ gbé sítáǹpù pọ́n-ùn kan ti 1953 sábẹ́ rẹ̀, èyí tó ní Èkó àtijọ́ àti Èkó tuntun, aláwọ̀ dúdú àti àlùkò. Ìlà ni ẹ máa rí, ìlà gidi tí etí rẹ̀ mọ́: ó tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á, ó nípọn níbi òjìji, ìlà sì gba orí ìlà kọjá níbi tó ṣókùnkùn jù. Ẹ wá rọra fi ọmọ ìka gba ojú rẹ̀ kọjá, yíńkì náà ga díẹ̀ sókè bébà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé sítáǹpù Nàìjíríà ti 1961 síbẹ̀, èyí tó ní ilé Báǹkì Àpapọ̀. Hóró wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sí ìlà kan tí ọwọ́ fà. Photogravure ni, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Harrison ló tẹ̀ ẹ́, fọ́tò ni wọ́n fi gbé àwòrán rẹ̀ sórí irin. Ẹ má wá afínrin kankan fún irú ìyẹn. Orúkọ ẹni tó yà á ti tó.

Èyí tí wọ́n bá fín lóòótọ́, iṣẹ́ ńlá ni. Afínrin á mú irin rírọ̀, á fi irin ṣóńṣó gbẹ́ àwòrán náà sí i ní ìdàkejì, ní ìwọ̀n sítáǹpù gan-an, ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Wọ́n á wá fi iná sọ irin náà di líle, wọ́n á fi rólà gba àwòrán rẹ̀, wọ́n á sì fi rólà yẹn tẹ̀ ẹ́ léraléra sára awo irin tí wọ́n máa fi tẹ sítáǹpù. Sítáǹpù aláwọ̀ méjì bíi ti pọ́n-ùn kan yẹn, awo méjì ni wọ́n lò, ọ̀kan fún ilé àárín, ọ̀kan fún férémù. Nílé iṣẹ́ ńláńlá, ẹnì kan lè fín ilé, ẹlòmíì á fín orí ọbabìnrin, ẹlòmíì tún wà tó jẹ́ pé lẹ́tà nìkan niṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, orúkọ tí ẹ ń wá lè jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lórí sítáǹpù kan ṣoṣo.

Ti àwọn Faransé rọrùn jù. Ẹ wo etí ìsàlẹ̀: orúkọ ẹni tó yà á máa ń wà lápá òsì, ti ẹni tó fín in lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá rí Decaris, afínrin Faransé, inú yín á dùn. Sítáǹpù àkọ́kọ́ tó fín, ilé ni: àgbàlá ìjọ Saint-Trophime ní ìlú Arles, ọdún 1935. Ní Austria, Koloman Moser ló ya ààfin Schönbrunn ti 1908, Ferdinand Schirnböck ló fín in. Ẹ tún rí i pé ẹni méjì ni.

Ti Gẹ̀ẹ́sì ló ń gba sùúrù. Lynton Lamb ló ya àwọn odi ọba tó jáde ní 1955. Waterlow ló kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n, De La Rue gbà á ní 1958, Bradbury Wilkinson gbà á ní 1963. Bí sítáǹpù odi Windsor tiyín, tó wà lára wọn, bá jẹ́ ti 1963, ọ̀dọ̀ Waterlow ni kí ẹ ṣì ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, torí ibẹ̀ ni àwòrán náà ti kọ́kọ́ jáde. Àwọn odi ti 1988 yàtọ̀ pátápátá: fọ́tò tí Prince Andrew yà ni, Chris Matthews ló sì fín wọn. Kátálọ́ọ̀gì Stanley Gibbons, ìwé tó to àwọn sítáǹpù lẹ́sẹẹsẹ, kọ ọ́ síbẹ̀; kò sí lára sítáǹpù.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi ojú lásán mọ ọwọ́. Òǹtajà kan fẹ́ gba owó gegere lọ́wọ́ mi lórí sítáǹpù tọ́rọ́ ti Nàìjíríà 1953, èyí tó ní afárá Jẹ́bà, ó ní òun mọ afínrin rẹ̀ láti ara ìlà odò. Mo ní kó fi ìwé hàn mí, kò rí nǹkan kan mú wá. Nílé iṣẹ́ kan náà, ọ̀gá ló ń kọ́ ọmọṣẹ́, ọwọ́ wọn á sì jọra. Ìwé ló lè yanjú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ Crown Agents, tí wọ́n ń bá ìjọba wa ṣètò títẹ̀ sítáǹpù nígbà náà, wà ní British Library. Ẹgbẹ́ West Africa Study Circle náà ti ń ṣèwádìí sítáǹpù ìhà ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn akójọ-sítáǹpù ni mo ti rí ìrànlọ́wọ́ gidi, lẹ́yìn tí mo ti kọ lẹ́tà káàkiri láìrí èsì.

(Ẹ má ṣí álíbọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀ lásìkò òjò yìí o. Ọ̀rinrin á jẹ́ kí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn wọn lẹ̀ mọ́ bébà.)

Ohun tí mo kọ sábẹ́ tọ́rọ́ Jẹ́bà tèmi rèé: “Àwòrán: M. Fievet. Fífín àti títẹ̀: Waterlow and Sons, Lọ́ńdọ̀nù, 1953. Afínrin:”, mo sì fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò etí ìsàlẹ̀ àwọn ti Faransé yẹn, kó súnmọ́ dáadáa, kí ẹ fi síbí. A ó jọ ka orúkọ wọn.