Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọra àti ọ̀rọ̀ tí ó ń tẹ̀ lé e

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 10, ń kọ àròkọ dáadáa, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọra. Ó ń kọ "steal" níbi tó yẹ kó kọ "rob", ó sì ń kọ "lend" dípò "borrow". Yorùbá ni a ń sọ nílé. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọ?

Ìdáhùn: Ìyá wa, mo kí yín. Ìwé atúmọ̀ èdè nìkan kò lè yanjú rẹ̀, nítorí pé ìtumọ̀ tí yóò fún ọ̀rọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni kí ọmọ máa wò. Ohun tí olè gbé lọ ni ó ń tẹ̀ lé "steal", ẹni tàbí ibi tí ó ti gbé e ni ó sì ń tẹ̀ lé "rob". Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé "they stole the bank", ohun tí ó sọ ni pé àwọn olè gbé ilé ìfowópamọ́ lọ tòun ti òrùlé. Yorùbá tí ẹ ń sọ kì í sì í ṣe ìdíwọ́ níhìn-ín, torí pé jíjí ni a ń jí owó, ènìyàn ni a ń jà lólè.

"Borrow" àti "lend" le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé "yá" kan ṣoṣo ni a ní fún méjèèjì. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó fetí sí ìyókù gbólóhùn náà: bí a bá yá ìwé lọ́wọ́ ẹnìkan, "borrow" ni, "from" ni yóò sì bá a rìn, bí a bá yá ẹnìkan ní ìwé, "lend" ni.

Irú "begin" àti "commence" kò gba àlàyé púpọ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Norman, àwọn ará àríwá ilẹ̀ Faransé tí ń sọ èdè Faransé, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀rọ̀ Faransé bíi "commence" rọ́ wọlé, ó jókòó ti ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ bíi "begin", títí dòní ni ó sì sábà máa ń dún bí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Ọmọ yín kò nílò "commence" nínú àròkọ nípa eré bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyí tí n kò fi fọkàn tán àwọn àkójọ ọ̀rọ̀ tó jọra lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n máa ń to ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìbejì ni gbogbo wọn.

Dípò ọ̀rọ̀ méjì-méjì, odidi gbólóhùn ni kí ẹ ní kí ó máa kọ sínú ìwé rẹ̀, kí ó sì fa ìlà sábẹ́ ohun tí ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ó ti yé e.